Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dé Òkè

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ilé ìwòsàn ńlá ti gbà láti dán wa wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí aṣọ ibùsùn wọn bá ń padà sọ́dọ̀ wọn ní fífọ̀ àti lílọ̀ kí agogo méje àárọ̀ tó lù, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé, iṣẹ́ náà di tiwa fún ọdún mẹ́ta. Màmá Òkè, tó ni ilé ìfọṣọ wa, pe gbogbo wa jọ sí ìdí àtẹ̀gùn. Òkè ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ti gbàdúrà fún wa, nítorí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ mọ́. A ṣe àmín títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n máa gbé ìròyìn ìsàlẹ̀ lọ sókè láràárọ̀. "Ìwọ ni etí mi," ni Màmá Òkè wí. Mo dúpẹ́, àmọ́ ara mi ò lélẹ̀ láti ìgbà náà. Etí ni wọ́n fi mí ṣe, ẹnu sì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Ọṣẹ ìfọṣọ tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí ní ìdí Ọ̀kánjúwà. Orúkọ tí a sọ ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí a tẹ́ síwájú rẹ̀ tí kì í gbé mì. Ẹni méjì á di etí aṣọ mú, rólà gbígbóná méjì, irin róbótó tó ń yí, á fà á wọlé, aṣọ á sì gba ẹ̀yìn jáde ní gbígbẹ.

Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà. Ó ti ń sùn ní pálọ̀ mi láti ìgbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Láàárọ̀ yìí ó ní, "Àǹtí mi, kí n ṣáà ti rí owó yàrá kan. Mo fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ tèmi." Mo ní kó má kánjú, pálọ̀ ò lé e. Ká sòótọ́, bàtà rẹ̀ ni mo ń fẹsẹ̀ kọ láràárọ̀, èmi náà ń fẹ́ pálọ̀ mi padà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Aṣọ dé ilé ìwòsàn kí agogo méje tó lù lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ra ẹyin láti fi yọ̀. Ẹyin wọ́n bí ojú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Fọ́rámánù wa ni gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ó-ń-lọ. Bi wọ́n léèrè omi, wọ́n á ní ó ń lọ. Bi wọ́n léèrè iná, ó ń lọ. Ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé wọn, mo béèrè ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ó ń lọ. Mo ní òrùlé ló ń lọ yẹn, Bàbá. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Lónìí wọ́n sọ sí mi létí pé, "Àwọn ọmọ ìdí Ọ̀kánjúwà ní bí àyè bá yọ, ká bá wọn yẹ ẹ̀rọ wọn wò." Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi: "Ẹ̀rọ ìlọṣọ ń fẹ́ ìtọ́jú díẹ̀." Mo gbé e lọ sókè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Èsì ti dé láti òkè. Agolo epo kan.

Bàbá Ó-ń-lọ kó àwọn ọmọ ìdí ẹ̀rọ lọ sídìí àtẹ̀gùn pé kí wọ́n dúpẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kúnlẹ̀. Àbúrò mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ń fojú wá mi.

Nílé, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan kì í wo èèyàn báyẹn.

"Ọ̀pá pupa yẹn ni," ó ní. "Ó máa ń ṣorí kunkun díẹ̀."

Ọ̀pá pupa ni wọ́n nà síwájú rólà. Bí ọwọ́ bá kàn án báyìí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀pá náà ń ṣe láyé.

"Ṣé epo lẹ béèrè?"

"Ta ló béèrè epo? A sọ fún Bàbá pé ọ̀pá ò gbọ́ràn mọ́."

Mo wá rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Nísàlẹ̀, ọ̀pá ò gbọ́ràn mọ́. Lẹ́nu Bàbá, bí àyè bá yọ. Lọ́wọ́ mi, ìtọ́jú díẹ̀. Lókè, epo. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Ọmọlúàbí pọ̀ jù níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba àbọ̀, ó sì bu àbọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kejì, èmi náà sì wà láàárín wọn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó fúnra mi nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun. Mo ní kí àbúrò mi àti ẹnì kejì rẹ̀ ki aṣọ bọ ẹ̀rọ, mo tẹ ọ̀pá. Rólà ń yí. Mo tún un tẹ̀. Ó ń yí. Ìgbà kẹta ló tó dúró, aṣọ tó sì ti wọlé gùn ju apá mi lọ.

Ẹnì kejì náà, tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi hàn mí bí wọ́n ti ń ṣọ́ ara wọn. Wọ́n ti yọ òrùka. Wọ́n gé èékánná. Wọ́n wá igi kékeré kan tí wọ́n fi ń ti etí aṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà, orí mi sì ń wú.

Mo ní mo máa sọ fún Màmá Òkè. Àbúrò mi fà mí sẹ́yìn àwọn àpò aṣọ.

"Ẹ má sọ, Àǹtí mi. Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbèjà mi. Tí wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró, ibo la máa lọ? Oṣù kan péré ló kù kí owó yàrá mi pé."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi nìyí." Ó nà án sí mi lójú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo gun òkè lọ pẹ̀lú gbólóhùn kan lẹ́nu. Inú ọkọ̀ ni mo ti tò ó: "Màmá, ọ̀pá pupa kò ṣiṣẹ́ mọ́." Kò gùn, kò sì ṣòro. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Káàárọ̀, etí mi. Ṣé dáadáa lo jí? Kó o tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n súre fún ọ. Ìròyìn ayọ̀ lẹsẹ̀ rẹ á máa gbé wọ yàrá yìí."

"Àmín, mà."

"O ò ní ru ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ wá bá mi."

"Àmín, mà."

"Ó dáa. Kí ni ìròyìn?"

Ẹ wò ó, ta ló máa ṣe àmín sí irú àdúrà yẹn tán, kó wá la ẹnu kan náà sọ pé ẹ̀rọ fẹ́ jẹ èèyàn lọ́wọ́? Mo ní aṣọ ti jáde. Mo ní ọṣẹ kù díẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, àwọn fúnra wọn ló bi mí pé, "Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé epo yẹn tó?"

Mo ní ó tó, mà.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń rìn káàkiri ọ́fíìsì bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Inú bí mi sí wọn. Inú bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Bàbá Ó-ń-lọ ti dá gúrúpù sílẹ̀ lórí fóònù pé kí ọ̀rọ̀ lè máa yára kánkán. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ kọ nǹkan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi Ọ̀kánjúwà sínú àdúrà." Màmá Òkè fèsì pé kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àmín, fóònù mi ń dún, ó ń dún, títí mo fi pa á. Ọ̀rọ̀ ti yára lóòótọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo bẹ Bàbá Ó-ń-lọ pé ká jọ gòkè. Ẹnu méjì ju ẹnu kan lọ, àgbà sì ni Bàbá. Wọ́n gbà. Ní àárín àtẹ̀gùn, wọ́n dúró.

"Ṣé o rántí dírẹ́bà wa àtijọ́? Ó lọ sọ lókè pé bíréékì ọkọ̀ ò dára. Wọn ò lé e. Wọn ò bá a jà. Wọ́n tún bíréékì ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti yọjú, wọ́n á ní, 'Kí lo tún rí lónìí?' Ojoojúmọ́, ìwọ ọmọ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá iṣẹ́ síbòmíràn."

"Bàbá, ọwọ́ èèyàn là ń sọ."

"Mo mọ̀. Èmi náà ní ọmọ." Wọ́n nu ojú wọn. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an, àánú wọn sì ṣe mí.

A dé òkè. Màmá súre fún wa, a ṣe àmín. Wọ́n ní, "Bàbá, báwo ni iṣẹ́?"

"Ó ń lọ, mà."

Mo wo ilẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ilé ìwòsàn yìn wá. Wọ́n ti fi aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ kún ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà a fi kún eré Ọ̀kánjúwà. Màmá Òkè fi búrẹ́dì àti ohun mímu tútù ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Mo jẹ tèmi, kò ní adùn kan lẹ́nu mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Ẹlẹ́rìn-ín yọjú sí ọ́fíìsì mi lọ́sàn-án, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa sọ fún àbúrò yín kó má wọ aṣọ alápá gígùn wá mọ́." Mo ní mo gbọ́. Ó lọ. Mo ti kọ ìlà méjì sí i nínú ìwé tó wà níwájú mi kí àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà tó di odidi nínú mi. Mo dìde, àga ṣubú.

Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ́ aṣọ lọ. Apá ẹ̀wù rẹ̀ ọ̀tún ti ya dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní ìṣó ló fà á. Nílé, ó jókòó lórí àga, ó ń rán apá ẹ̀wù náà, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo ní, "Sọ fún mi." Ó ní ìṣó ni. Mo ní, "Ta ló pa iná ẹ̀rọ?" Ó kàn ń rán aṣọ lọ.

"Ẹlẹ́rìn-ín ló sáré pa á lára ògiri," ó wí nígbà tó yá. "Ó ti tán, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ ó tán bẹ́ẹ̀."

Mi ò lè jẹ́ kó tán bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní tí mo bá gòkè lọ sọ, kí n má pe òun ní àbúrò mọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí, mi ò purọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Mo sọ ọ́.

Àná ni mo fẹ́ sọ ọ́, Màmá Òkè ò wá. Lónìí mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì súre fún mi."

Ọwọ́ wọn dúró lókè. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn rí. Mo yára sọ èyí tó kù kí ojú tó tì mí.

"Ọ̀pá pupa ara Ọ̀kánjúwà kì í dá a dúró mọ́. Kì í ṣe epo ló ń fẹ́. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ náà máa lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó fa àbúrò mi lápá ẹ̀wù. Láti ọ̀sẹ̀ kejì la ti mọ̀ nísàlẹ̀. Èmi náà mọ̀, mà, mo sì sọ fún yín pé epo tó."

Wọ́n sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Fà mí dìde."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kejì léjìká mi. Ìrora orúnkún náà ń gba ọwọ́ wọn bọ́ sí mi lára. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, gbogbo èèyàn ti dúró gbagidi. Màmá Òkè ní kí wọ́n fún àwọn ní tówẹ̀lì kan. Wọ́n ká a bí apá èèyàn, wọ́n ki í sẹ́nu Ọ̀kánjúwà, wọ́n fi ọwọ́ kejì tẹ ọ̀pá pupa. Tówẹ̀lì ń wọlé. Wọ́n tún un tẹ̀. Tówẹ̀lì ti wọlé tán kí rólà tó dúró.

"Láti ìgbà wo?"

Wọ́n kọjú sí Bàbá Ó-ń-lọ.

"Bàbá, mo ní láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, mà."

"Mo fi epo ránṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣé, mà."

Nínú gbogbo rẹ̀, Bàbá ò gbàgbé láti dúpẹ́ epo. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ pa mí lẹ́kún. Màmá Òkè fúnra wọn ló pa iná ẹ̀rọ lára ògiri. Mo wá ojú àbúrò mi. Ó ti kẹ̀yìn sí mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Atúnẹ̀rọ-ṣe tú u wò. Mo bi í bóyá ó máa ṣèèyàn léṣe lóòótọ́. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Ó lè ṣe ọdún kan sí i báyìí láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ ọ̀la." Ohun tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀ ò sí nítòsí, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé.

A ń fi áyọ́ọ̀nù ọwọ́ lọ aṣọ ilé ìwòsàn. Gbogbo wa, tèmi takọ̀wé, ti dírẹ́bà. Òjò ò dá. Aṣọ ò gbẹ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Aṣọ pẹ́ lánàá, ó pẹ́ lónìí. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn pè láàárọ̀, èmi ni mo gbé e. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, "Ẹ má bínú sí wa, àwa náà ò lè tẹ́ aláìsàn sórí ibùsùn òfìfo. A ti bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀." Odidi ọ̀rọ̀ ni, kò bu àbọ̀ rẹ̀ kù. Mo gbé e gòkè bó ṣe wà. Àtẹ̀gùn yẹn gùn lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá Òkè ní kí àwọn ọmọ ìdí Ọ̀kánjúwà lọ máa sinmi nílé ná. Kò sí owó tí wọ́n máa fi san tiwọn láìsí iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Àbúrò mi wà níbẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Màmá Òkè pè mí lẹ́yìn náà. Wọn ò súre.

"Ṣé mo le tó bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹnikẹ́ni ò fi lè sọ fún mi?"

"Ẹ ò le rárá, mà. Àdúrà yín ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ wa."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní, "Mo ń bẹ̀rù ìròyìn ni. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú, ẹni tó gbé ìròyìn náà wá ò tilẹ̀ kí mi kó tó sọ ọ́." Wọ́n ní kí n máa lọ sídìí iṣẹ́ mi.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Kò sẹ́ni tó ń bá mi jẹun. Bàbá Ó-ń-lọ kọjá lára mi, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ tí afọṣọ kan ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ta ni ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ṣe léṣe?" Kò sẹ́nì kankan. Òótọ́ ni, kò sẹ́nì kankan, mi ò sì ní ohun tí mo lè nà síta fi dá wọn lóhùn. Ì bá rọrùn fún mi bí ẹnì kan bá ti fara pa díẹ̀. Ojú ti mí bí mo ṣe kọ ìyẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Àbúrò mi ń lọ sọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì á jọ máa wá iṣẹ́ láti ibẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tíì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" lọ, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì pé, èyí ló dùn mí jù.

Mo ní, "Jẹ́ kí n bá ọ di ẹrù."

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Mi ò lè máa wò ọ́ níbẹ̀, kí n má sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́, èmi ni mi ò ní yàrá." Kò pariwo. Ó ká ẹ̀wù alápá yíya yẹn, ó gbé e sísàlẹ̀ àpò. Ó fa okùn àpò náà, ó so ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un so. Ìka rẹ̀ yára, wọ́n le, wọn ò wá ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí àga tó máa ń sùn sí, mo kàn ń wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí wọ́n ṣe ń bínú sí mi.